Àtàǹpàkò Tí Ẹ̀rọ Ti Gé

"Ìyá, ẹ ti gba owó gbà-má-bínú yín láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn."

Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Aránṣọ tó jókòó níwájú rẹ̀ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ìjẹta ni lọ́yà rẹ̀ sọ pé àwọn adójútòfò ò tíì fèsì, kó ṣe sùúrù. Sùúrù náà ló ń ṣe láti ọdún tó kọjá, tí ẹ̀rọ ìgéṣọ ti ṣe é léṣe níbi iṣẹ́.

"Owó wo, ọmọ mi?"

Akọ̀wé ṣí fáìlì. Owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ nìyí. Ìwé tó fi gbà á nìyí: ó ti jáwọ́ nínú ẹjọ́, kò sì lè béèrè ohunkóhun mọ́ láé, bí ọwọ́ náà tilẹ̀ bàjẹ́ ju báyìí lọ. "Ẹ̀yin náà lẹ fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ̀ ẹ́."

Obìnrin náà tú aṣọ tó fi wé ọwọ́ ọ̀tún, ó sì gbé ọwọ́ lé tábìlì. Ìka mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àtàǹpàkò gan-an ni ẹ̀rọ gé.

Ojú ti akọ̀wé. Ìwé dókítà wà nínú fáìlì kan náà, òun náà ò kà á rí. Ó gbé fóònù, ó pe ọlọ́pàá.

Lọ́yà rí àwọn ọlọ́pàá láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n dé ilé rẹ̀, wọn ò bá a. Inú bọ́ọ̀sì tó ti fẹ́ gbéra ni ọ̀gá ọlọ́pàá, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ti fà á jáde.

"Ìka ta ni?" ló bi í ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ìyá náà ló..."

"Ìka ta ni mo ní!" Ó ti tàdáwà síwájú rẹ̀. "Tẹ tìrẹ, kí n wò ó."

Lọ́yà bú sẹ́kún. "Tèmi ni, èmi náà ni mo gba owó. Bí mo ṣe máa ń ṣe é fún àwọn tí ò mọ̀wé nìyẹn. Mi ò rántí pé àtàǹpàkò ni ẹ̀rọ gé."

Aránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ohun tó gbọ́ yìí dùn ún ju owó lọ. "Ìgbà mọ́kànlá ni mo wá sí ọ́fíìsì yín," ló wí. "Ẹ ò wo ọwọ́ mi rí."

Wọ́n ti lọ́yà mọ́lé. Adájọ́ fagi lé ìwé náà, ẹjọ́ tún di tuntun, ọkàn obìnrin náà sì fúyẹ́ díẹ̀. Kò pẹ́ tí akọ̀wé fi gbé owó tó ju ti àkọ́kọ́ lọ wá, òun ti ìwé àti tàdáwà.

Obìnrin náà fi ọwọ́ òsì pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

"Kọ́kọ́ kà á fún mi, látòkè délẹ̀. Dókítà ní ọwọ́ yìí ò tíì jinná."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́."

"Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló kù fún mi, ọmọ mi. Jẹ́ kí n mọ ìwé tí mo máa tẹ̀ ẹ́ sí."