Ẹsẹ̀ Amadílò Keje

Oòrùn ọ̀sán Lúísíánà, ní Amẹ́ríkà, rọra ń yọ́ sórí gíláàsì fèrèsé. Nínú yàrá ìwádìí, Odile jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń wo fídíò àwọn amadílò, ẹranko ilẹ̀ wọn tó jọ akika. Àwọn dókítà ti fi kòkòrò ẹ̀tẹ̀ sí wọn lára, torí ọwọ́ tí ẹ̀tẹ̀ fi ń mú ènìyàn náà ló fi ń mú wọn. Wọ́n wá ń fún wọn ní oògùn tuntun kan, bóyá ẹsẹ̀ wọn tó ti kú á tún máa mọ nǹkan lára. Nínú fídíò, ẹnìkan á fi okùn tín-ín-rín kan àtẹ́lẹsẹ̀ ẹranko nígbà mẹ́wàá. Iṣẹ́ Odile ni kó ka iye ìgbà tí ẹranko náà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Òun ló bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ ìgbà ìsinmi yìí, nítorí ìyá ìyá rẹ̀, Azélie, tí ẹ̀tẹ̀ ti pa ìka rẹ̀ kú kí wọ́n tó wò ó sàn.

Okùn ń lọ, okùn ń bọ̀. Ó ń ṣe Odile bíi pé yàrá náà ń léfòó lórí omi. Ni fóònù bá dún.

"Ṣé ìwọ àtàwọn eku yín ò tíì ṣe tán ni?" Tess ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "A ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi o! Kó o tó dé, a ti jẹ edé tán."

"Kì í ṣe eku, amadílò ni. Ó ku ẹyọ kan."

"Ta ló máa mọ̀? Kọ nǹkan kan síbẹ̀, jàre!"

Amadílò keje ló kù. Ó ti fa ẹsẹ̀ dáadáa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Odile kọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá láìwo fídíò, ó bá jáde. Títí oòrùn fi wọ̀, ó dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń wo koríko eléérú tó so rọ̀ lára igi bó ti ń kọjá lókè orí rẹ̀. Kò rántí ẹsẹ̀ kankan.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, Dókítà Naquin, ọ̀gá ibẹ̀, pè é. Ohùn obìnrin náà rọlẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi. Wáyà gún amadílò keje lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá ti kú la máa ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́, àkọsílẹ̀ sì ní tiẹ̀ ṣì ń mọ nǹkan lára, torí náà ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò. Egbò náà ti wọ eegun. A ti fún un lábẹ́rẹ́ tó fi sùn tí kò ní jí mọ́ láàárọ̀ yìí."

"Ṣé ó jẹ̀rora, mà?"

"Kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Bóyá kámẹ́rà ló ṣì wá lọ́nà."

Odile ì bá ti dá kámẹ́rà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó ní, "Mi ò wo fídíò yẹn, mà. Mo kàn kọ ọ́ ni."

Dókítà ní, "À ń gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹranko yìí, wọn ò sì lè sọ pé àwọn ò fẹ́. Òtítọ́ nìkan la ní láti fi san án fún wọn."

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Kí ó tó lọ, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún gbogbo fídíò òun wò pẹ̀lú ẹlòmíì. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà á.

Nígbà tó jẹ́wọ́ fún Màmá Azélie, ìyá àgbà náà kò bínú. Ó ní, "Oògùn tó wò mí sàn, ẹnìkan ti fara balẹ̀ wo ẹranko fún un kó tó kàn mí. Mi ò mọ ẹni náà. Mo kàn dúpẹ́ pé kò sáré lọ ṣeré."

Odile bú sẹ́kún. Ó ti wá yé e pé irọ́ tá a bá pa nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wò wá, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ló sábà máa ń jìyà rẹ̀.