Eérú Lórí Èèrà

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 1961, Salome, ìyàwó Bámiṣayé, kú ní Gadumo. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń bì, ó ń mí hẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè Patti. Wọ́n ní ibà ni. Nígbà tó di ọ̀sán, ó sùn, kò jí mọ́.

Bámiṣayé kò sunkún. Ó jókòó, ó ń wo ògiri.

Kí iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè tó gbẹ, àdúgbò ti mọ ẹni tó pa á. Wọ́n ní òwìwí ń ké lórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Bámiṣayé ni wọ́n ń nàka sí, arúgbó tó ti Agbaja wá bá wọn gbé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọlọ́runfẹ́mi, ẹ̀gbọ́n Salome, dé pẹ̀lú Kùdírátù, aládùúgbò wọn.

"Àna, kí ìyá yín kúrò nílé yìí lónìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mò ń mú Títílayọ̀ lọ. Àjẹ́ kò ní pa ìyá tán kó tún pa ọmọ."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Ẹ bi Kùdírátù."

Kùdírátù káwọ́ gbera. "Bàbá Títí, ojú mi ló rí i. Ní ìdájí, ìyá yín á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí ìyàwó yín ń tọ̀ sí. Wọ́n á máa wọ́n nǹkan lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀. Ṣé ata ni wọ́n ń gbìn ní ìdájí ni?"

"Kùdírátù," ìyá náà dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, "ojú rẹ mú tó báyìí, o ò rí ewúrẹ́ rẹ nínú iṣu mi?"

Bámiṣayé kò gbójú sókè. "Ìyá, kí lẹ̀ ń wọ́n?"

"Eérú ni. Ìwọ náà gbọ́ nígbà tí dókítà ní àtọ̀gbẹ ló ń ṣe ìyàwó rẹ, pé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Èèrà ń bò ó. Ojú ń ti ọmọ ọlọ́mọ, ó ń sunkún. Mo bá ń da eérú sí i kó tó jí. Mi ò sọ fún un."

Bámiṣayé gbójú sókè.

Ní oṣù tó ṣáájú, Salome ti wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Bàbá Títí, èèrà ò wá mọ́. Mo ti sàn." Ó fa Bámiṣayé lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, kò sí èèrà kan níbẹ̀. Àwọn ará ọsibítù ti kìlọ̀ pé bí ara bá tilẹ̀ yá, kó má fi oògùn sílẹ̀. Bámiṣayé rántí ìkìlọ̀ náà, ṣùgbọ́n inú àwọn méjèèjì dùn, ó sì ní, "A dúpẹ́." Láti ọjọ́ náà ni Salome kò ti lo oògùn mọ́.

Bámiṣayé sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Kùdírátù wá bàtà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọlọ́runfẹ́mi bo ojú.

"Ṣé eérú mi ló pa á?" ni ìyá Bámiṣayé bi ọmọ rẹ̀.

Bámiṣayé kò lè sọ pé rárá. Ẹnikẹ́ni kò lé ìyá náà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Agbaja. Ọlọ́runfẹ́mi lọ láìmú ọmọ dání.

Ohun tí Salome fi sílẹ̀: aṣọ ìró mẹ́ta, Bíbélì, ẹ̀gúsí tó ti lọ̀, tí kò tíì sè, ìgò oògùn oníhóró kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, àti Títílayọ̀, ọmọ ọdún méje.