Ẹni Tí Kò Mọ̀ Pé Eré Ni

Okùn ni wọ́n fi de Matthew lọ́wọ́ nígbà tí Àtọ́kẹ́ kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin gíga ni, ó dúdú, ó ń dán bí kóró iṣin, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ìbò ọdún 1956 kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjà Odò-Orí sì kún fọ́fọ́. Akóda kan tí ó wọ kakí ń wọ́ ọ nílẹ̀, ó ń pariwo pé kò san owó-orí.

Kò sẹ́ni tó sún mọ́ wọn, àfi bàbá Àtọ́kẹ́. Àgbẹ̀ ni Bàbá, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni àádọ́rin ọdún. Ó sọ iṣu orí rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún akóda tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ."

Ni Matthew bá fúnra rẹ̀ tú okùn náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Ìwó, eré ni o! Ohun tí ojú yín yóò máa rí nìyí bí ẹ kò bá dìbò fún ẹgbẹ́ wa!"

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá dìde, ó gbọn eruku irùngbọ̀n rẹ̀, ó lọ sílé. Ó pẹ́ kí ó tó tún dé ọjà.

Ní ọjọ́ kejì, Àtọ́kẹ́ lọ bá Matthew ní ilé-ìwé tí ó ti ń ṣe tíṣà.

"Tíṣà, ta ni ẹ ń ṣe eré yẹn fún?"

"Gbogbo ìlú ni, arẹwà."

"Ẹ má pè mí ní arẹwà. Ẹ̀yin mọ̀ pé eré ni, akóda yín mọ̀. Bàbá mi ni kò mọ̀."

"Bí a bá sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní wọ̀ wọ́n lára."

"Ta ló wá ní kí ẹ fi bàbá mi dán an wò?"

Matthew lọ bẹ Bàbá nílé. Bàbá kò jáde sí i. Ó tún lọ, ó tún lọ. Àtọ́kẹ́ ni ó ń bá a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lákọ̀ọ́kọ́ láti bá a wí, nígbà tó yá nítorí pé bí kò bá rí i, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

"Ẹ tún ti dé? Ẹsẹ̀ kò dùn yín ni?"

"Ó ń dùn mí, olólùfẹ́. Ojú rẹ ni oògùn rẹ̀."

"Tíṣà onírọ́." Síbẹ̀, ó bu omi fún un.

Nígbà tí Matthew rán àwọn àgbà ìjọ wá tọrọ Àtọ́kẹ́, Bàbá kọ̀, ó mi orí. "Ẹkún tí ó sun lọ́jà, mo gbà á gbọ́. Kí ni n ó fi mọ̀ pé èyí kì í ṣe eré?"

Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e, Matthew lọ dọ̀bálẹ̀ ní àárín ọjà, ó ń bẹ Bàbá ní gbangba bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá kò sí níbẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Ó tún ti dé! Akóda dà?" ni ìyá aláta kan wí.

"Kì í ṣe eré o!"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́! Tòní dùn ju tìjọ́sí lọ!"

Ọ̀rọ̀ náà sú Àtọ́kẹ́ pátápátá. Ó sáré lọ pe bàbá rẹ̀.

Bàbá dé. "Dìde. Ta ló ní kí o wá ṣe èyí?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín, Bàbá."

"Ṣé o bi mí léèrè? O tún gbé orúkọ mi wá sọ́jà láìbi mí."

Matthew dìde. "Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Sọ fún wọn pé n kò ṣìwà hù. Bí wọ́n bá tún so ọmọ ọlọ́mọ lọ́la, n ó tún dọ̀bálẹ̀."

Matthew sọ ọ́ fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá fi àga lọ̀ ọ́. "Mo ti gbà. Òun náà ńkọ́? Ṣé o ti bi í?"

Matthew wo Àtọ́kẹ́. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí ó ti bẹ̀, Bàbá nìkan ni ó bẹ̀. "Àtọ́kẹ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Àtọ́kẹ́ pòṣé. "Ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì yìí, ẹ ti sú mi." Ó jókòó ti Matthew, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú bàbá rẹ̀. "Mo gbà. Ẹ lọ pe àwọn aládùúgbò wá gbọ́ ọ. Àmọ́ kí wọ́n tó wọlé, kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kì í ṣe eré."