Ta Ló Dá Tómisìn Padà?

“Bí o bá lè mú àbúrò mi, Olúwatómisìn, dúró síwájú àwọn ọ̀dọ́ Iléṣà, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́ ní ọ́fíìsì mi ní Òṣogbo. Èmi Bọ̀wálé ló sọ ọ́. N kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

Níwájú gbogbo ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Ọ̀dọ́ ni Olóyè Bọ̀wálé ti sọ ọ́. Jọmílójú kò gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó ti gboyè jáde, ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, kò sì rí iṣẹ́ ṣe. Olúwatómisìn ní tirẹ̀ ti di òṣèré tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Nígbà tó wà lọ́mọge ni Olóyè ti lé e jáde nílé nítorí eré ṣíṣe, kò sì gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Jọmílójú lọ bá a ní Èkó. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù títí obìnrin náà fi gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Àga àlejò ṣófo.

Nehemiah, àbúrò Olóyè, ni wọ́n rán lọ mú un wá láti òtẹ́ẹ̀lì tó sùn ní Òṣogbo. Ọkọ̀ òfìfo ló gbé dé.

“Kò jẹ́ kí n wọlé,” ni ó wí. “Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ní obìnrin kan pè é lórí fóònù láàárọ̀, láti ìgbà náà ló ti ń di ẹrù.”

Jọmílójú pe nọ́ńbà Tómisìn. Ó ti pa fóònù rẹ̀.

“Ṣé o tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ rí?” ni Olóyè bi í. “Bí n kò bá rí i kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Iléṣà ni yóò mọ̀ pé òpùrọ́ ni ọ́.”

Lucy, ìyàwó Olóyè, ti dìde, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe.

“Ẹ má da ara yín láàmú. Ta ló ń bá àwọn ọmọ yìí sọ̀rọ̀ lọ́dọọdún kí ẹ tó sọ pé àlejò lẹ fẹ́? Mo ṣì wà níbí.” Ó yíjú sí Nehemiah. “Akọ̀wé, ẹ bá mi gba máíkì yẹn.”

Nehemiah, tí kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí láyé ju awakọ̀ lọ, lọ gba máíkì.

Jọmílójú fa Rùkáyà, akọ̀wé ìgbìmọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ Òṣogbo ni, òun náà ń wáṣẹ́.

“Ta ló ní nọ́ńbà Tómisìn yàtọ̀ sí èmi?”

“Èmi, bọ̀dá Nehemiah, Olóyè. Kí ló dé? Ṣé èmi lo fẹ́ dì í rù?”

“O fẹ́ iṣẹ́ yìí.”

“Ta ni kò fẹ́ ẹ? Nígbà tó o ti Èkó dé tó ò ń yan bí ẹni tó ra ìlú, inú mi ru. Ṣùgbọ́n láti ìdájí ni mo ti ń to àga níbí lójú gbogbo ayé. Wá ẹlòmíràn lọ.”

Jọmílójú wọ ọkọ̀ Nehemiah. Wọ́n dorí kọ Òṣogbo.

“Bọ̀dá, ṣé inú yín dùn pé àǹtí Tómisìn ń bọ̀?”

“Inú mi kò dùn. Ìyá kan náà ló bí wa. Òun lókìkí, èmi ní títì.” Nehemiah rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Ṣùgbọ́n obìnrin ni wọ́n ní ó pè é. Wò mí dáadáa.”

Tómisìn ń ti àpótí rẹ̀ pa nígbà tí Jọmílójú wọlé.

“Ẹ ti rí ẹni tó gbayì jù mí lọ. Kí lo tún wá ṣe?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, mà?”

“Obìnrin kan. Ọ̀dọ̀ Olóyè ló ní òun ti ń pè. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ mi mọ́, kí n máa padà.”

“Orúkọ wo ló pè yín?”

“Kò pe orúkọ mi. Eyínmẹ́nugún ló ń pè mí ṣáá. Mo ṣe bí ara àwọn tó ń wo fíìmù mi ni.”

Jọmílójú gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìgbà wo ni Olóyè gbéyàwó?”

“Lẹ́yìn tí mo kúrò nílé. N kò rí ìyàwó náà sójú rí.”

“Ẹ jẹ́ ká lọ, mà. Ẹ̀gbọ́n yín kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

Lucy ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle nígbà tí Tómisìn wọlé. Ariwo èrò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tómisìn bá wọn sọ̀rọ̀ títí omijé fi bọ́ lójú àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà, nínú yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, Jọmílójú kọjú sí ìyàwó Olóyè.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ àlejò wa?”

“Ìbéèrè wo nìyẹn?” ni Olóyè wí.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn, sà.”

Lucy lanu. Ó pa á dé.

“Ẹ kò lè pè é,” ni Jọmílójú wí. “Rùkáyà ì bá pe orúkọ tó wà lára pátákó. Ìyàwó ilé nìkan ni kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Bọ̀dá Nehemiah kò ṣe akọ̀wé rí, Akọ̀wé ni ẹ sì ń pè wọ́n. Inú fóònù Olóyè lẹ ti yọ nọ́ńbà. Ẹ fi láìnì mìíràn pè é. Ẹ lè purọ́, Mọ́mì. Ẹ kò lè tẹ òfin ilé lójú.”

Nehemiah wo ilẹ̀.

“Eyínmẹ́nugún ni mo fi sọ ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri,” ni Lucy wí. “N kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ọkọ mi ló ń fi í jí, tó ń fi í sùn. Bí mo se ọbẹ̀, Eyínmẹ́nugún mọ̀ ọ́n sè jù mí lọ. Bí mo sọ̀rọ̀, Eyínmẹ́nugún mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Ọjọ́ kan péré lọ́dún ni àwọn èèyàn ń gbọ́ ohùn tèmi. Ẹ tún gba ìyẹn, ẹ gbé e fún un.”

Olóyè ti ilẹ̀kùn.

“Ọ̀rọ̀ ilé ni. Kò gbọdọ̀ jáde.”

“Mo gbọ́, sà. Iṣẹ́ náà ń kọ́?”

“Wá rí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Jọmílójú lọ sí ọ́fíìsì Olóyè ní Òṣogbo lọ́sẹ̀ kejì. Wọn kò jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà. Àbúrò Lucy ló jókòó sórí àga iṣẹ́ náà.

Olóyè Bọ̀wálé ṣèlérí iṣẹ́ fún Jọmílójú bí ó bá mú Olúwatómisìn wá sí Iléṣà. Jọmílójú mú un wá. Olóyè kò fún un níṣẹ́.