Ọmọ Tó Kọ Ọmú Ìyá Rẹ̀

Ọmọkùnrin tí ìyàwó tuntun Káfíńtà bí kò lò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ láyé. Ó mu ọmú ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Nígbà tí wọ́n máa fi padà wò ó, ọmọ ti lọ. Kò sí ibà, kò sí ikọ́.

Ìyá Káfíńtà ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ẹyẹ kan bà sórí páànù ilé wa lánàá. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀nà ilé Aránṣọ ló sì fò gbà. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Aránṣọ ni ìyàwó àkọ́fẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò tíì ju ọmọ oṣù kan lọ nígbà tí Aránṣọ gbọ́ pé ẹlòmíràn ti lóyún fún ọkọ òun. Ọjọ́ náà gan-an ló di ẹrù rẹ̀, ó kó kúrò nílé ọkọ. Kóòtù tó tú ìgbéyàwó wọn ká ní kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá, kí ó sì máa lo ọjọ́ Sátidé lọ́dọ̀ baba láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní gbogbo Sátidé, Aránṣọ á fún wàrà ọmú rẹ̀ sínú ìgò, á fi rán ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà kárí àdúgbò. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aṣọ tí kò tíì rán. "Màmá mi ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀," ni ọ̀kan wí, kò lè wo ojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ayé ni kò jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un pé orogún òun bí ọkùnrin, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà. Owú gbá a láyà, ó sì sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé: "Kó má dàgbà." Ọmọ ọ̀hún kò sì dàgbà. Àbí èèyàn lè jẹ́ àjẹ́ kó má mọ̀? Kò rí ẹni bi.

Ibẹ̀ ló wà tí Ẹlẹ́rìn-ín fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọmú. Tó bá ti dé láti ilé baba rẹ̀, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ti àyà ìyá rẹ̀ dànù, ọmú á wá le gbandi bí òkúta. Ìgò sì ń bọ̀ ní kíkún.

"Kí lẹ fún ọmọ mi jẹ?" ó bi Káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Wàrà tó o fi rán an ni."

"Wàrà ọ̀hún rèé! Bó ṣe lọ ló ṣe bọ̀."

"Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà látàárọ̀. Bi ìyàwó mi."

Ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ náà gún un ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ní Sátidé kẹta, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì lọ́sàn-án gangan, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé Káfíńtà. Ayùn Káfíńtà ń han níwájú ilé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ká kọ́tìnì. Ìyàwó tuntun jókòó sétí ibùsùn, omi lójú. Ẹlẹ́rìn-ín wà láyà rẹ̀, ó ń mu ọmú tìwọra-tìwọra, ó ń fi ọwọ́ kékeré ra á lágbọ̀n. Aránṣọ ti rò pé òun nìkan ni ọmọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún láyé.

"Àjẹ́! Ẹ gbà mí o! Ó ń gba ọmọ mi!"

Àwọn ará ilé ya wọlé. Ìyá Káfíńtà ló ṣíwájú. "Ìwọ tó o pa ọmọ wa jẹ lo ń pe ẹlòmíràn ní àjẹ́?"

"Mà, ẹ dákẹ́!" Ìyàwó tuntun ló sọ̀rọ̀. "Kò pa á. Ọjọ́ tí mo bí i ni nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ọkàn rẹ̀ kò lù dáadáa, pé kí n tètè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. N kò sọ fún yín. Ojoojúmọ́ lẹ ń ní ọmọ Aránṣọ ta kébé, ara rẹ̀ le. Ojú tì mí. Mo jowú. Nígbà tẹ́ ẹ sì ní òun ló pa á, mo panu mọ́."

Ayùn dákẹ́. Káfíńtà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìdọ̀tí pákó lórí.

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Kì í ṣe òun. Ọkàn búburú tí òun ní, kò pa ẹnikẹ́ni.

"Ọmọ mi ńkọ́?" ó béèrè níkẹyìn. "Kí ló dé tó o fi gbà á lọ́wọ́ mi?"

"Ó ń sunkún, ọmú mi sì ń dà. Kí n tó mọ̀, ó ti gbà á."

Aránṣọ gbé ọmọ rẹ̀. Ó yíjú sí ìyá ọkọ àtijọ́. "Mà, ẹnu tẹ́ ẹ fi bà mí jẹ́ náà ni kẹ́ ẹ fi tún un ṣe." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa mọ́ Aránṣọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ wá. Ìyàwó tuntun kò sún mọ́ wọn. Ó fara ti ògiri. Ẹlẹ́rìn-ín ké, wàrà sì rin bùláòsì ìyàwó tuntun lójú méjì. Aránṣọ gbójú kúrò, ó tún wò ó. Owú náà tún gbá a láyà.

"Jókòó," ó ní. "Fún un. Ṣùgbọ́n èmi náà ń bẹ níbí o."

Ó fa àga sún mọ́ ọn. Títí ọmọ fi mu ọmú náà yó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré wà lọ́wọ́ Aránṣọ, kò fi í sílẹ̀.