Ohun Tó Ṣẹ́kù Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá

Nígbà tí ọmọbìnrin Bàbá Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ gbé tíì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bá bàbá rẹ̀ lórí àga, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé oorun ló gbé e lọ. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ kàn án. Bó ṣe kàn án ni ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ara Bàbá ti tutù.

Ohun tí dókítà sọ lẹ́yìn tó yẹ òkú wò ló wá ya gbogbo ilé lẹ́nu. Kì í ṣe àìsàn ọkàn tó ti ń bá Bàbá fínra ló pa á, oògùn àìsàn náà ni. Ìdajì hóró ló yẹ kó máa lò láàárọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ọlọ́pàá gbé Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní hóró méjì ni ìwé oògùn tó wà lára fíríìjì sọ. Wọ́n lọ wo fíríìjì, ìdajì hóró ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ìdajì náà ni. Ó bùṣe. Wọ́n ti Nọ́ọ̀sì mọ́lé, wọ́n sì ń múra àtigbé e dé iwájú adájọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọjá kí ìwé ẹjọ́ náà tó dé orí tábìlì ìnsípẹ́kítọ̀ obìnrin kan báyìí, ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Fìmúfínlẹ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n sì ń pè ní “mà” lójú. Ó tẹjú mọ́ fọ́tò ìwé ara fíríìjì náà títí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ bá Nọ́ọ̀sì nínú àtìmọ́lé.

“Tẹ́ ẹ bá fún Bàbá lóògùn tán, kí lẹ máa ń ṣe?”

“Mo máa ń fi bírò pupa sàmì síwájú ọjọ́ náà, mà. Bàbá ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò bá ti sí nínú ìwé, kò ṣẹlẹ̀ lójú tiwọn.”

“Lọ́sẹ̀ yẹn, àmì mélòó lẹ ṣe?”

“Mẹ́rin, mà. Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀.”

Fìmúfínlẹ̀ fi fọ́tò náà hàn án. Ìwé inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí àmì pupa kankan lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu.

“Ìwé yìí kọ́, mà. Ìwé yìí kọ́ ni mo lò.”

“Hóró méjì yẹn ò ṣe yín ní kàyéfì?”

“Ó ṣe mí, mo sì bi Bàbá. Wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé dókítà máa ń yí i padà ni, pé kí n tẹ̀lé ìwé.” Omi lé sójú rẹ̀. “Mà, wọ́n sọ fún ọmọ mi kékeré pé ibi iṣẹ́ ni mo lọ. Ó ní kí ló dé tí iṣẹ́ náà ò tán.”

Fìmúfínlẹ̀ kò padà sí ọ́fíìsì mọ́. Ilé Bàbá ló gbà lọ.

Ọmọ méjì péré ni Bàbá bí, àwọn méjèèjì sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí obìnrin ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì. Àkọ́bí, tó jẹ́ ọkùnrin, ń bá èèyàn ta ilẹ̀. Àbúrò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Dókítà máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, èmi á sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìdajì hóró ni mo tẹ̀, mà, mo lè búra. Mo ti dé ibi iṣẹ́ láago mẹ́ta. Ẹni tó bá wà nílé ló máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn mi, nígbà mìíràn Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà mìíràn Bàbá fúnra wọn.”

Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ fún ìnsípẹ́kítọ̀ ní àga, ó bu omi fún un, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

“Àwọn èèyàn yín ti wo kọ̀ǹpútà yẹn, mà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

“Ẹ ò fọwọ́ kàn án látìgbà tí Bàbá ti kú?”

“Rárá o. Àfi ìdọ̀tí àpídéètì tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ tí mo gbá kúrò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di tuntun ni, àwọn fáìlì àtijọ́ sì ti gba gbogbo àyè.”

“Ọjọ́ wo lẹ gbá a?”

“Ọjọ́ Ẹtì.”

“Ọjọ́ tí Bàbá kú?”

“Ọkàn mi ò balẹ̀, mà. Mo kàn ń wá nǹkan fọwọ́ ṣe ni.”

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Bàbá ẹni kú láàárọ̀, èèyàn ń gbálẹ̀ inú kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án. Fìmúfínlẹ̀ mu omi rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó béèrè ẹni tó sọ ẹ̀rọ náà di tuntun.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe náà wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín òkìtì ẹ̀rọ, ó fi ètè pa ìṣó kékeré mẹ́ta mọ́ra. Ó tu wọ́n sọ́wọ́ kó tó lè fèsì.

“Ọjọ́rú ni ọmọ wọn obìnrin pè mí, mà. Àpídéètì ló há sí ẹ̀rọ náà lọ́nà, kò lọ, kò bọ̀. Mo gbé ètò tuntun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Téèyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á kó gbogbo ẹrù rẹ̀ àtijọ́ sínú fódà kan ṣoṣo, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wá ṣe ẹ̀dà ohun tí wọ́n tọ́ka sí, ìyẹn ìwé oògùn àti fọ́tò. Mi ò kó ojúlówó kúrò níbẹ̀, kí oníbàárà má baà padà wá bá mi jà.”

“Wọ́n ní àyè inú rẹ̀ ti kún.”

“Àyè wo? Kò tíì lo ìdajì.”

“Tẹ́nì kan bá ti gbá ìdọ̀tí rẹ̀ ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ibi tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀, wẹ́wẹ́ ló ń gbá. Bọ́tìnì kejì kan wà nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá tẹ ìyẹn, kò ní fi fódà àtijọ́ hàn yín rárá, ẹ ó kàn rò pé ẹ ti gbá a. Ṣùgbọ́n tó bá ti pé ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀rọ á pa á rẹ́ fúnra rẹ̀.”

Fìmúfínlẹ̀ fi ìka ka ọjọ́ láti Ọjọ́rú yẹn. Ọ̀la ló pé mẹ́wàá.

“Ẹ kó irinṣẹ́ yín,” ló wí.

Láàárín wákàtí kan, gbogbo wọn ti pé sí pálọ̀ Bàbá, tòun ti Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Atúnkọ̀ǹpútàṣe tẹ bọ́tìnì díẹ̀. Fódà náà wà níbẹ̀. Ó ṣí ìwé oògùn inú rẹ̀: hóró méjì láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí.

“Àbúrò tẹ ìdajì, ó sì lọ síbi iṣẹ́,” ni Fìmúfínlẹ̀ sọ. “Láago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Àìkú, ẹnì kan sọ ọ́ di méjì. Àkókò wà lára fáìlì. Ẹ ṣí èyí tuntun. Láago méjìlá ààbọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnì kan tún dá a padà sí ìdajì, ó tẹ ìwé mìíràn jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì, ó gbàgbé àmì pupa. Nígbà yẹn, Bàbá ti wà ní ilé ìgbókùúsí, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì wà ní àgọ́ wa. Ìwọ nìkan ló kù nílé.”

Kò sí “ẹ” mọ́. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Kí n pa bàbá mi? Nítorí kí ni?”

“Mà,” ni atúnkọ̀ǹpútàṣe wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “lẹ́tà kan tún wà níbí. Wọn ò tọ́ka rẹ̀ sí mi, mi ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì tí Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní méjì, ni Bàbá tẹ̀ ẹ́.”

Fìmúfínlẹ̀ kà á tán lójú ẹ̀rọ, ó sì kúrò níbẹ̀. “Wá kà á sókè.”

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀. “‘Sí Ẹgbẹ́ Àwọn Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀. Èmi ni mo lu òǹtẹ̀ mi sórí ìwé ilẹ̀ ẹ̀yìn odò, láìwọ̀n ọ́n. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ sí i. Ẹ gba òǹtẹ̀ náà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ọmọ mi sí i…’”

Ó fọwọ́ di etí tábìlì mú.

“Bàbá ò lù ú,” ló wí. “Èmi ni mo jí òǹtẹ̀ náà lù. Wọ́n ti sọ fún mi pé tó bá di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn á lọ fẹjọ́ mi sùn. Mo kàn fẹ́ kó rẹ̀ wọ́n ni, kí wọ́n má lè jáde. Mi ò mọ̀ pé… mi ò mọ̀.”

Fìmúfínlẹ̀ tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ó sì fi í sọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ṣì ń wo lẹ́tà náà.

“Bàbá ò sọ fún yín ni, Ẹ̀gbọ́n?”

“Wọ́n pè mí ní Ọjọ́bọ̀,” ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn. “Wọ́n ní kí n wá jókòó, àwọn fẹ́ fi nǹkan hàn mí. Mo ní mò ń kánjú.”