Abọ́ Igi Máńgòrò Ẹ̀yìnkùlé

Ẹni tó bá rò pé mo parọ́, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbó-Ọrà, kó béèrè ilé Wàhábì onílọ́rì. Kó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kùkùté máńgòrò kan wà níbẹ̀. Kó jókòó, kó máa wò ó. Adìẹ kì í bà lé e. Ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, n ò fi iyọ̀ kún un, n ò sì yọ ata níbẹ̀.

Rùkáyàt, ìyàwó Wàhábì, ló ń yí igi. Iṣẹ́ ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n Sàláúdéènì gbẹ́nàgbẹ́nà, bàbá rẹ̀, kò bí ọkùnrin. Ẹ̀gbẹ́ bàbá ló dúró sí tó fi mọ̀ ọ́n, kò kà á nínú ìwé. Nígbà tí bàbá kú, ó kó máṣíìnì rẹ̀ wá sílé ọkọ. Ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ àtijọ́ ni bàbá fi ṣe é. Bí o bá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, igi á máa yí bìrìbìrì, wàá wá gbé irin tó mú tì í, èérún á máa fò. Ẹsẹ̀ àga, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, abọ́: kò sí èyí tí kò lè ṣe.

Lọ́dún yẹn, ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ayétẹ̀ lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ara ìyá ọmọ náà ò yá, ni Ìyá Wàhábì bá pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjì wó igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Rùkáyàt gé e sí ìtí-ìtí, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òjò pa á. Olú hù lára rẹ̀. Àwọn ará ilé ní kó fi dáná.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ló la ọ̀kan. Ẹnu yà á. Inú igi náà funfun bí ẹ̀kọ, ilà dúdú tín-ín-rín gba inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí èèyàn fi báírò fà á. Bàbá rẹ̀ ti fi irú rẹ̀ hàn án rí. Olú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí igi tó ti fẹ́ẹ́ máa jẹrà. Bí o bá tètè mú un, o rí ẹwà. Bí o bá pẹ́, ìyẹ̀fun lo máa bá.

Màmá Olúwayẹ́misí, tíṣà kan láti Èrúwà, wá gba àga rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó rí igi.

“Ìyá Àpèkẹ́, ta ló ya èyí?”

“Olú ni, Màmá.”

“Olú tí à ń sè lọ́bẹ̀?”

“Ìbátan rẹ̀ ni, àmọ́ òun ò ṣeé jẹ.”

“Fi ṣe abọ́ fún mi. Yẹ́misí máa gbé e lọ ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n bí olú bá hù nínú ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀, ọrùn rẹ ni n ó so ó mọ́!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹni tó ń gbẹ́ inú abọ́ kò lè fi ojú mọ bó ṣe nípọn tó. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wàá dá ẹsẹ̀ dúró, wàá fi oríkèé ìka kàn án. Bó bá ṣì nípọn, ohùn rẹ̀ á wúwo. Bó bá ti fẹ́lẹ́, á dún ketekete.

Rùkáyàt dá ẹsẹ̀ dúró. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé pa rọ́rọ́. Ó kàn án.

Kó.

“Mà!”

Àpèkẹ́ sáré dé láti iwájú ilé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, òun nìkan ni Rùkáyàt bí. Erùpẹ̀ kún orúnkún rẹ̀.

“Ẹ pè mí.”

“N ò pè ọ́. Lọ ṣeré.”

“Ẹ pè mí,” ni ọmọ náà wí, ó sì lọ.

Nígbà tó yá, ọmọ náà ń sùn lórí ẹní. Rùkáyàt tún kan abọ́. “Mà,” ni Àpèkẹ́ dáhùn. Kò lajú.

Lọ́jọ́ kejì, Abíọ́nà, obìnrin ilé kejì, fa Àpèkẹ́ lọ́wọ́ wá láti ìdí kànga. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Kí lẹ ń pe ọmọ yìí fún bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó? Ó da omi rẹ̀ sílẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó ní ẹ̀ ń pe òun!”

Kànga yẹn jìnnà. Bí o bá pariwo nílé, wọn ò lè gbọ́ ọ níbẹ̀. Rùkáyàt ò sì pariwo. Ó kàn fi ìka kan abọ́ ni.

Ó mú sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an. Abọ́ náà jọ̀lọ̀ lọ́wọ́ bí awọ ara ọmọ. Ìrọ̀lẹ́ ló tó fi í sílẹ̀, ó lọ wẹ Àpèkẹ́. Ó fi kànìnkànìn fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ṣan omi sí i. Ó bá dúró.

Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ la bá ilà, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ilà ti lọ lọ́wọ́ ọ̀tún Àpèkẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ náà ń dán bí ẹyin. Tòsì ku ẹyọ kan.

Rùkáyàt gbé abọ́ síta kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Ó wo inú rẹ̀. Ilà dúdú mẹ́ta ló ti etí abọ́ wá. Méjì pàdé, wọ́n tún pínyà, bí tàtẹ́lẹwọ́ gẹ́lẹ́. Ó bò ó mọ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, lọ́rì Wàhábì gbé Ìyá dé láti Ayétẹ̀. Ìyá ò tíì jókòó tó fi rí ojú ọ̀run níbi tí ewé wà tẹ́lẹ̀.

“Igi máńgòrò dà?”

“Ìjì wó o, Ìyá.”

“Ìtí rẹ̀ ńkọ́?”

“Mo fi ọ̀kan gbẹ́ abọ́.”

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí eruku. “Ìyàwó mi,” ó ní, “ìdí ẹ̀ ni mo sin ìwọ́ Àpèkẹ́ sí.”

“Ẹ ò sọ fún mi!”

“Wọn kì í sọ. Bí ẹnu bá gbọ́, ọ̀tá á gbọ́, wọ́n á lọ hú u. N ò sọ fún bàbá ẹ̀ gan-an. Ìyá mi ò sọ tèmi fún mi títí ó fi kú.”

Rùkáyàt gbé abọ́ náà wá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ọmọ hàn án.

“Jẹ́ ká sin abọ́ náà padà síbẹ̀.”

“Ìyá, olú ti wà nínú ẹ̀. Tá a bá sin ín, olú á jẹ ẹ́ tán.”

“Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.”

“Ọyẹ́ ń bọ̀. Igi tí a ò fi òróró pa, ọyẹ́ á là á sí méjì.”

“Fi òróró pa á, o jàre!”

Rùkáyàt ki àkísà bọ òróró ẹ̀pà. Ó fi kan etí abọ́ lásán. Níbi tí òróró dé, ilà náà jí, ó dúdú kirikiri. Ìyá mú ọwọ́ òsì ọmọ náà dání. Ilà tó kù níbẹ̀ ń parẹ́ bọ̀, bí omi lórí òkúta gbígbóná.

“Dúró!” Ìyá ké.

Àkísà ti bọ́ lọ́wọ́ Rùkáyàt.

Nígbà tí Màmá Olúwayẹ́misí wá béèrè ẹrù rẹ̀, Rùkáyàt ní ó ti fọ́.

“Fọ́ kẹ̀? Mú àfọ́kù ẹ̀ wá kí n rí i.”

“Mo ti fi dáná, Màmá.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni Rùkáyàt sáré wọlé lọ wo ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ó wé abọ́ náà sínú aṣọ tútù, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àmù omi, níbi tí ara ògiri ti máa ń tutù. Ní àárọ̀, á tún aṣọ náà rẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, á tún un rẹ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gún odó nítòsí. Bí aláǹgbá bá sáré lórí páànù, á dìde. Ọyẹ́ dé. Ètè bó. Ilẹ̀kùn gbẹ, ó ń han.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bo ilé. Ìyá ti lọ kírun. Rùkáyàt ń koná, Àpèkẹ́ di ìró rẹ̀ mú, ó dúró tì í.

Pá!

Ìdí àmù ló ti wá.

Rùkáyàt sáré lọ, ọmọ tẹ̀ lé e. Ó tú aṣọ. Abọ́ kò là. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ funfun báláú. Kò sí ilà kankan mọ́.

Ó fa ọwọ́ Àpèkẹ́, ó tẹ́ ẹ. Ilà ti padà. Gbogbo rẹ̀ pé. Ó dúdú, ó tín-ín-rín, bí ìgbà tí èèyàn fi báírò fà á.

“Alihamudulilai,” ló wí. Ó wo ojú ọmọ náà. Ọmọ náà ń wò ó.

Ó gbé ìka sókè. Ó kan abọ́.

Kó.

Àpèkẹ́ kò dáhùn. Ẹnu rẹ̀ pa dé.

“Mà!”

Ẹ̀yìnkùlé ni. Ìdí kùkùté. Ohùn Àpèkẹ́.

Rùkáyàt dé ìdí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ lé ìdè rẹ̀. Níta, nínú kùrukùru, ẹsẹ̀ kékeré ń bọ̀ lórí ewé gbígbẹ. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ẹ pè mí.”

Ọmọ tó di ìró rẹ̀ mú fà á wẹ́rẹ́.

“Màmá,” ó ní, “ẹ má ṣílẹ̀kùn.”